Bí àdúgbò ṣe ń rí owó ìrànwọ́ gbà ní Ọ̀tà àti Ṣàngó

Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kò wọ́n níbẹ̀. Láti Ṣàngó títí dé Àgbárá, wọ́n ń ṣe oògùn, wọ́n ń ṣe ọtí, wọ́n ń rọ irin, wọ́n ń ṣe ìgò. Bí èèyàn bá wá yà kúrò lójú títì wọ inú àdúgbò, àwọn onílé ló máa bá tí wọ́n ń dáwó da òkúta sí kòtò, tí wọ́n ń ra òpó iná, tí wọ́n ń san owó ọlọ́dẹ. Ìbéèrè tó sì máa ń jáde ní ìpàdé, pàápàá lọ́jọ́ tí akápò bá ka iye tó kù lápò ẹgbẹ́, ni pé: ṣé kò sí owó kankan ní káńsù tá a lè gbà kún tiwa? Owó wà. Kò pọ̀, ọ̀nà tó ń gbà jáde sì há, ṣùgbọ́n àdúgbò tó bá mọ ọ̀nà náà lè rí i gbà.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má ṣe jókòó de fọ́ọ̀mù. Àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Awards for All, tí owó rẹ̀ ń wá láti inú lọ́tìrì orílẹ̀-èdè náà. Ẹgbẹ́ kékeré kan, bíi ti àwọn ìyá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé, lè béèrè owó níbẹ̀ láti £300 títí dé £20,000. Fọ́ọ̀mù wà tí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ sí, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ wá. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ìjọba ìbílẹ̀ kì í sábà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Owó tó bá dé ọ̀dọ̀ àdúgbò máa ń gba inú ètò ìṣúná káńsù wá, tàbí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, tàbí ọwọ́ àjọ tó ń ná owó Báńkì Àgbáyé, tàbí ọwọ́ àwọn àjọ àti ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra, àmọ́ ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wò kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò: ṣé àdúgbò yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣé ó sì ní ìwé tó lè fi hàn? Bí ìyà kan náà bá ń jẹ àdúgbò méjì, èyí tó ní ìwé lọ́wọ́ ni owó máa bá.

Ká kọ́kọ́ mọ irú káńsù tá a ń bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1989 ni wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀, nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀tà kúrò lára Ìfọ̀/Ọ̀tà àtijọ́, tí wọ́n sì da Adó-Odò àti Ìgbẹ́sà, tó wà lábẹ́ Ẹ̀gbádò Gúúsù tẹ́lẹ̀, pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀tà ni olú ìlú rẹ̀. Wọ́ọ̀dù mẹ́rìndínlógún ló ní, káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣojú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 526,565 ni wọ́n kà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tí ọ̀wọ́n owó ilé lé kúrò ní Èkó ti kún ibẹ̀ bámúbámú, oko ti di ilé, ilé ti di àdúgbò. Èyí kan ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngbọ̀n, torí iye èèyàn wà lára ohun tí wọ́n ń wò ní Àbújá bí wọ́n bá ń pín owó fún ìjọba ìbílẹ̀, ìkànìyàn 2006 yẹn náà sì ni Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn. Àwọn onílé tó kó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àdúgbò wọn ń bàjẹ́ bíi ti àwọn tó kù, àwọn ọmọ wọn sì ń jókòó nínú kíláàsì kan náà.

Owó tí wọ́n ń pín ní Àbújá lóṣooṣù ni orísun ńlá tí káńsù ní. Nínú àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, tí ẹ bá yọ owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kúrò nítorí pé ìpín tirẹ̀ yàtọ̀, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló jọ ń pín 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìpínlẹ̀ ń gba 26.72, ìjọba àpapọ̀ sì ń gba 52.68. Abala 162 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé kí ìpín ti ìjọba ìbílẹ̀ máa gba inú àpò àjọní kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ káńsù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni alága ń rí fi ṣiṣẹ́ ìlú.

Ẹjọ́ ti wà lórí àpò àjọní yìí. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí amòfin àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fágbèmí, pe gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà: kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, kí ìpínlẹ̀ má sì dì í mú mọ́. Ìdájọ́ náà tún sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá 2024, wọ́n dìbò yan alága àti káńsẹ́lọ̀ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ogún tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdájọ́ wà, àmọ́ ìmúṣẹ rẹ̀ ń falẹ̀. Nítorí náà, bí alága bá sọ fún yín pé owó kò tó, ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Kò yẹ kí ìyẹn lé yín sẹ́yìn, torí iṣẹ́ kékeré tí àdúgbò ti fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rọrùn fún káńsù láti parí ju iṣẹ́ ńlá tí wọ́n máa gbé fún agbaṣẹ́ṣe lọ.

Iṣẹ́ wo wá ni? Àdúgbò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ káńsù, torí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ló máa ń kú sínú fáìlì nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ni ín ni wọ́n kọ ọ́ sí. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta tó gba Ṣàngó kọjá, kì í ṣe ti káńsù. Títì Ọ̀tà sí Ìdí-Ìrókò, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Alága káńsù kò lè fi owó ìjọba ìbílẹ̀ tún wọn ṣe bó ṣe wù ú, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Ohun tí àfikún kẹrin nínú òfin 1999 fi sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, pípalẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, àti ojú ọ̀nà àdúgbò pẹ̀lú góta rẹ̀ àti iná tó ń tàn sójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ó tún ní ipa nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera, pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Góta àdúgbò, afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òrùlé ilé ìtọ́jú aláìsàn tó ń jò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjà, tábìlì àti àga fún ilé ìwé: àwọn yìí ni ẹ lè bá káńsù sọ, kí ọ̀rọ̀ yín sì wọlé.

Ẹni tó máa sọ ọ́ gan-an ni CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ọ̀tà ló ní ẹgbẹ́ onílé, wọ́n sì rò pé ọ̀kan náà ni. Ìjọba kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Ẹgbẹ́ onílé lè jẹ́ ìpàdé àwọn tó nílé nìkan, kí ó má sì ní ìwé kankan lọ́dọ̀ ìjọba. CDA gbọ́dọ̀ gba onílé àti ayálégbé, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀dọ́ àti àgbà, ó sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwùjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ tó wà ní sẹkitéríàtì káńsù ló máa tọ́ yín sọ́nà lórí rẹ̀. Gbogbo CDA tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ló sì ń para pọ̀ sábẹ́ CDC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ wọn. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ fún àwọn àdúgbò ní owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe, bó ti máa ń wáyé ní Èkó àti ní Ògùn, inú ìwé àwọn CDA tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń wo orúkọ. Àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa rántí rẹ̀, bó ti wù kí góta rẹ̀ burú tó.

Mo ń tẹnu mọ́ ti ayálégbé nítorí bí Ọ̀tà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ń gbé yàrá kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ sì ń jí jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì dé lálẹ́. Bí ẹ bá fi ìpàdé sí àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ló máa wá, orúkọ tó wà nínú ìwé ìpàdé kò sì ní ju mẹ́wàá lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá yẹ ìwé yín wò máa rí i. Ẹ fi ìpàdé sí ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kó má sì bọ́ sí àkókò ìrun. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wá fọwọ́ sí ìwé.

Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ni àkáǹtì báńkì. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà lórí rẹ̀. Kí ẹni méjì ó kéré tán, tàbí mẹ́ta, máa jọ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí alága àti akápò má sì jẹ́ ará ilé kan náà. Mo ti rí àdúgbò tí owó ìdáwó wọn wà nínú àkáǹtì alága fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọlọ́kàn rere ni alága náà, kò sì jẹ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ béèrè ìwé báńkì, wọn kò rí nǹkan kan fi hàn, torí owó àdúgbò ti dà pọ̀ mọ́ owó ilé ìwé àwọn ọmọ alága àti owó epo mọ́tò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ náà parí sí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká fi wo bí ọ̀nà ti káńsù ṣe ń lọ. Ká ní àdúgbò kan wà lápá Atan, tí àgbàrá ti gé ọ̀nà wọn sí méjì, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń fo omi kọjá nígbà òjò. Afárá kékeré ni wọ́n nílò. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí alága káńsù pé ìyà ń jẹ àwọn, kó wá gba àwọn, ìwé náà máa bọ́ sáàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé tó ń sọ ohun kan náà. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ṣe ìpàdé, kí wọ́n fẹnu kò pé afárá yẹn ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n nílò, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pe ẹnjiníà wá wò ó, kó sì kọ iye ohun èlò àti iye owó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: àpò sìmẹ́ǹtì mélòó, irin mélòó, tírélà iyanrìn àti òkúta mélòó, owó àwọn bíríkìlà. Ìwé tí wọ́n ń pè ní BOQ nìyẹn. Ẹ má ṣe fojú fò ó dá. Kò sí òṣìṣẹ́ ìṣirò káńsù tó lè fi iye kan sínú ètò ìṣúná láìsí ìwé tó tì í lẹ́yìn.

Ká ní iye náà jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Kí àdúgbò dáwó, kí wọ́n kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin jọ sí àkáǹtì, kí wọ́n fi lára rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n ra òkúta, kí àwọn ọ̀dọ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Kí wọ́n ya fọ́tò ibẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún yà á lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbà yìí ni kí wọ́n wá kọ̀wé. Ìwé náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé méjì lọ: orúkọ CDA àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́ọ̀dù tó wà, ohun tí wọ́n ti ṣe, iye tí wọ́n ti ná, iye tó kù, àti ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí káńsù ṣe gan-an. Kí wọ́n so BOQ, ìwé báńkì, ìwé ìpàdé àti fọ́tò mọ́ ọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sí alága, kí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí wọ́n ń pè ní HOLGA, sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn, àti sí CDC. Kí wọ́n gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwọn. Ẹ̀dà tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí pé ẹ kọ̀wé.

Àsìkò tí ìwé bá dé ṣe kókó. Láti January sí December ni ọdún ìṣúná káńsù. Láàárín ọdún ni àwọn ẹ̀ka ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí wọ́n fẹ́ ná lọ́dún tó ń bọ̀ jọ. Níparí ọdún, àwọn káńsẹ́lọ̀ á jókòó, wọ́n á sì sọ ọ́ di òfin. Ìwé tó bá dé ní November ti pẹ́. Ìwé tó bá dé ní June tàbí July, tí káńsẹ́lọ̀ sì ti mọ̀ nípa rẹ̀, lè rí àyè. Káńsẹ́lọ̀ ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ń fojú fò dá. Wọ́n á sáré lọ bá alága, wọ́n á sì gbàgbé ẹni tí wọ́n dìbò yàn láti wọ́ọ̀dù wọn, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò jókòó nígbà tí wọ́n bá ń ka ètò ìṣúná lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ pè é wá sí ìpàdé yín. Ẹ mú un lọ síbi tí ọ̀nà ti gé. Ẹ fún un ní ẹ̀dà BOQ. Káńsẹ́lọ̀ tó mọ iye owó àti orúkọ ojúlé lè sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀ ju ẹni tó kàn gbọ́ pé ọ̀nà kò dára lọ.

Bí wọ́n bá gbà, owó lè má dé ọwọ́ yín rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, káńsù á gbé sìmẹ́ǹtì àti irin wá, tàbí kí wọ́n fi katapílà wọn ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, tàbí kí wọ́n gbé ìyókù fún agbaṣẹ́ṣe. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n kó wá sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mú ìdá kan wá kí ọ̀rọ̀ yín tó lọ síwájú, ẹ sọ fún un pé gbogbo owó àdúgbò ló ní rìsíìtì, ẹ ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ti ìyẹn náà. Mo fi gbogbo ọkàn gbà pé àdúgbò tó bá san owó ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí yóò máa san án lọ.

Ọ̀nà tó tóbi ju ti káńsù lọ ni ti owó Báńkì Àgbáyé, ó sì jẹ́ èyí tó ní ìlànà tó ṣe kedere jù. Ní ọdún 2008, báńkì náà fọwọ́ sí $200 mílíọ̀nù fún ètò CSDP, kí àwọn àdúgbò lè fúnra wọn yan iṣẹ́, kí wọ́n sì fúnra wọn ṣe é. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wọ ètò náà dá àjọ CSDA sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ògùn ní tirẹ̀. Nígbà tí CSDP ṣì ń lọ, gbogbo àdúgbò máa ń pàdé, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ tó máa bójú tó iṣẹ́, tí obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì kọ ètò ìdàgbàsókè àdúgbò wọn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àjọ. Ìgbìmọ̀ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ á yẹ ètò náà wò, kó tó lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ. Bí àjọ bá fọwọ́ sí i, àdúgbò á mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà wá, ní owó tàbí ní ohun èlò àti iṣẹ́ ọwọ́, àjọ á sì san ìyókù díẹ̀díẹ̀ sínú àkáǹtì àdúgbò fúnra rẹ̀. Wọn kì í san ìpín kejì títí wọ́n á fi rí ohun tí wọ́n fi ìpín àkọ́kọ́ ṣe. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, bóòhóòlù, afárá àti iná ìjọba ni wọ́n sábà fi ṣe.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ba ọrọ̀ ajé jẹ́, ní oṣù kejìlá ọdún 2020, báńkì náà tún fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún ètò NG-CARES, tí ìdá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ àdúgbò lábẹ́ àwọn CSDA yẹn náà. Ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ náwó. Lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò bá ti rí iṣẹ́ náà lójú ni wọ́n tó ń san án padà fún ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n tún fi $500 mílíọ̀nù kún un. Ẹyáwó ni owó náà fún Nàìjíríà, àwa àti àwọn ọmọ wa la máa san án. Àdúgbò tó gbà á kò ní san nǹkan kan padà, ṣùgbọ́n nítorí pé gbèsè gbogbo wa ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ná an ní ìnákúnàá. Àwọn àdúgbò tí òṣì pọ̀ sí jù ni àjọ náà ń wò lákọ̀ọ́kọ́. Apá Adó-Odò, Èrè àti Kétu-Adìẹ-Ọ̀wẹ̀, níbi tí oko ṣì wà, lè láǹfààní sí i ju àárín Ṣàngó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín Ṣàngó ni ariwo ti pọ̀ jù.

Ti àwọn ilé iṣẹ́ kò nílò àlàyé gígùn. May & Baker àti Fidson wà ní Ọ̀tà; Nestlé, Unilever àti Beta Glass wà ní Àgbárá. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í fẹ́ fún CDA kan ṣoṣo ní owó, torí mìíràn máa tẹ̀lé e lọ́la. Ẹ gba ọwọ́ CDC lọ, ẹ béèrè ohun èlò dípò owó, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ èyí tó kan àwọn òṣìṣẹ́ wọn tàbí ọ̀nà tí tírélà wọn ń gbà. Ní ti àwọn àjọ àgbáyé, ètò GEF Small Grants tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tí UNDP ń bójú tó, ń fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àyíká ní owó tí kì í sábà ju $50,000 lọ. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun àti odò tí omi ilé iṣẹ́ ń bà jẹ́ bá ètò yẹn mu. Ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá náà ní ètò tó ń kọ́ kíláàsì àti ilé ìwòsàn kékeré, àmọ́ wọn kì í san owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Fún ètò GEF àti ti Japan yìí, CDA lásán kò tó. Wọ́n máa béèrè ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè tó ní àwọn alágbàtọ́, lábẹ́ apá F òfin CAMA 2020. Ẹni méjì ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ jẹ́ alágbàtọ́. Ẹ máa polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, àwọn tó bá fẹ́ takò ó sì ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Báńkì á tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC tó ń ṣọ́ owó tí kò mọ́. Ọ̀fẹ́ ni ti SCUML. Ẹni tó bá gba owó rẹpẹtẹ lọ́wọ́ yín láti ṣe é, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àdúgbò yín kò bá ní ju góta kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sí ìdí láti náwó sórí CAC. CDA tó yín.

Ìkìlọ̀ kan lórí tiransífọ́mà, torí òun ló ń kó owó àdúgbò lọ jù. Àjọ NERC, tó ń rí sí ìlànà iná mànàmáná ní orílẹ̀-èdè yìí, ti là á sílẹ̀ pé kí àdúgbò tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tó ń pín iná tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, èyí tí wọ́n á fi san owó náà padà. Àdúgbò tó bá rà á láìsí ìwé ti fún ilé iṣẹ́ ní ẹ̀bùn. Kẹ́ ẹ tó lọ bẹ káńsù tàbí aṣòfin fún tiransífọ́mà, ẹ kọ̀wé sí IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, ní ẹ̀ka Ṣàngó-Ọ̀tà, kí ìdáhùn wọn wà lọ́wọ́ yín.

Bí owó bá ti dé, kí iye tó wọlé àti iye tó jáde wà lára ògiri gbọ̀ngàn tàbí lẹ́nu géètì àdúgbò, kí ọmọ ilé ìwé lè kà á. Kí akápò tọ́jú gbogbo rìsíìtì, títí kan ti omi tí àwọn bíríkìlà mu. Àdúgbò tó bá ṣírò owó àkọ́kọ́ dáadáa ni wọ́n máa ń padà sí. Ẹ̀tọ́ yín sì ni láti bi káńsù náà pé kó ṣírò tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè ètò ìṣúná, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fèsì. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ bó ṣe de ìjọba àpapọ̀. Ẹ kọ̀wé, ẹ béèrè iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọ́ọ̀dù yín lọ́dún yìí.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ kòtò àti iná, ẹ bi akọ̀wé bóyá CDA yín ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí akápò mú ìwé báńkì wá. Bí méjèèjì kò bá sí, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún ìpàdé ọjọ́ yẹn nìyẹn.